Ẹ má ra iṣẹ́ àkànṣe fún ọmọ, ẹ jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ tú àdììtú

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ lọ́mọ ní yunifásítì tàbí ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboniṣe, ó dájú pé ọ̀rọ̀ owó “project” kò ṣàjèjì sí yín. Bí sáà ẹ̀kọ́ bá ti ń lọ sópin báyìí, fóònù á dún, ọmọ á ní olùkọ́ ti fún àwọn ní iṣẹ́ àkànṣe, owó sì ni yóò gbà. Ẹni tó ní gààrí nílẹ̀ á yára tà á. Ẹni tí kòkó rẹ̀ kò tíì gbẹ á lọ yáwó lọ́dọ̀ ẹni tó máa rà á. Owó á lọ, iṣẹ́ á dé, ọmọ á gba máàkì, kò sì sẹ́ni tó máa béèrè ohun tí wọ́n fi owó náà ṣe gan-an.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń fi í ṣe ni mo fẹ́ sọ lónìí, láìfepo-bọyọ̀. Àwọn kan wà lẹ́bàá ọgbà àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa tó jẹ́ pé iṣẹ́ àkànṣe tó ti wà nílẹ̀ ni wọ́n ń tà bí ẹni ń ta ẹ̀wà. Wọ́n á yọ orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín kúrò, wọ́n á fi orúkọ ọmọ tiyín sí i, wọ́n á tún ọdún rẹ̀ ṣe, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á dì í mọ́ra bí ìwé gidi. Ní báyìí tí kọ̀ǹpútà tó ń bá èèyàn kọ̀wé ti dé sórí fóònù, ọmọ mìíràn kò tilẹ̀ ní í rìn dé ṣọ́ọ̀bù wọn mọ́, ṣùgbọ́n owó tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ kò ní í padà wálé. Ọmọ yóò jáde, yóò gba ìwé ẹ̀rí, bẹ́ẹ̀ ni kò ní í lè sọ ìlà mẹ́ta nípa iṣẹ́ tó ní òun ṣe.

N ó fi ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ṣàpẹẹrẹ, torí pé òun ló kan àpò gbogbo wa. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè é ní cryptology. Ìmọ̀ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú àmì ni, àti bí ẹlòmíràn ṣe lè tú u. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ìmọ̀ àdììtú. Ìmọ̀ yìí ló ń ṣọ́ owó yín ní báńkì. Nígbà tí ọmọ yín ní Èkó bá fi fóònù fi owó ránṣẹ́ sí yín, tẹ́ ẹ lọ gbà á lọ́dọ̀ oní-POS, ìmọ̀ àdììtú ló di iṣẹ́ tó jẹ́ náà kí olè má baà rí i kà lójú ọ̀nà. Bí àwọn tí yóò máa ṣọ́ ọ lọ́jọ́ iwájú bá jẹ́ àwọn tó ra iṣẹ́ àkànṣe wọn ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

Ìmọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ wa. Ta ni nínú ẹ̀yin àgbà tí kò gbọ́ nípa àrokò? Owó ẹyọ méjì tí wọ́n so kojú síra wọn ní ohun tó ń sọ; bí wọ́n bá so ó kẹ̀yìn síra, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Ẹyọ mẹ́fà ń sọ fún ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí pé ọkàn ẹni tó fi í ránṣẹ́ ń fà sí i, nítorí pé ẹ̀fà àti fífà jọ ara wọn létí. Bí ẹni náà bá fi ẹyọ mẹ́jọ dá èsì padà, ó gbà nìyẹn, ohùn wọn ti jọ. Ìránṣẹ́ tó ru ú lè rìn láti Ìjẹ̀bú dé Èkó kó má mọ ohun tó rù. Ẹ tún wo ẹnà táwọn èwe fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lójú àgbà: “wá” á di “wágá”, “ilé” á di “igilégé”, àlejò á kàn máa wò bí ẹni tí wọ́n ń sọ èdè Tápà sí.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí àrokò àti ẹnà kò lè ṣe. Ẹni tó ń fi í ránṣẹ́ àti ẹni tó ń gbà á gbọ́dọ̀ ti jọ mọ ìtumọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ká ní ẹ wà ní ìkángun ọjà kan, ẹnì kan tẹ́ ẹ kò mọ̀ rí wà ní ìkángun kejì, igbe lẹ sì ń ké síra yín, gbogbo èrò ọjà ló ń gbọ́. Ṣé ẹ lè fi igbe yẹn kan náà dá kọ́kọ́rọ́ àṣírí sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin méjèèjì, tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó gbọ́ kò ní í mọ̀ ọ́n? Àwọn baba wa á ní kò ṣeé ṣe. Àwọn ọ̀gágun òyìnbó náà, fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, gbà pé kò ṣeé ṣe. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ọkọ̀ àti ẹ̀ṣọ́ gbé ìwé kọ́kọ́rọ́ àṣírí kiri.

Iṣẹ́ àkànṣe sáà ni ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan fi bi ìbéèrè yìí. Ralph Merkle lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún 22 ni, ó ń kàwé ní Yunifásítì California tó wà ní Berkeley, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ní ìparí ọdún 1974, ó wà ní kíláàsì ẹ̀kọ́ nípa ààbò kọ̀ǹpútà, olùkọ́ wọn sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan kọ èrò méjì wá lórí iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe. Merkle kọ ìbéèrè yìí ṣìkíní. Ìkejì jẹ́ lórí bí wọ́n ṣe lè fún ọ̀rọ̀ pọ̀ kó lè gba àyè kékeré nínú kọ̀ǹpútà. Olùkọ́ náà kà á, ó sì kọ ọ́ sára bébà pé ìkejì ló dà bí ohun tó mọ́gbọ́n dání, bóyá nítorí pé àlàyé ìkíní rújú púpọ̀. Ọmọ náà tún un kọ, ó gé e kúrú, ó mú un padà lọ, kò wọ̀ ọ́ létí. Nígbà tó yá, Merkle fi kíláàsì náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi èrò náà sílẹ̀.

Ó mú un lọ fún olùkọ́ mìíràn ní yunifásítì kan náà, Robert Fabry. Ẹni yẹn kà á, ó rí i lójú ẹsẹ̀ pé ohun tuntun ni, ó sì ní kó lọ tẹ̀ ẹ́ jáde. Ní August 1975 ni Merkle fi í ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà, wọ́n dá a padà fún un. April 1978 ni ìwé ìròyìn kan náà tó gbé e jáde. Kó tó dìgbà yẹn, Whitfield Diffie àti Martin Hellman ní Yunifásítì Stanford ti gbé ọ̀nà tiwọn jáde ní November 1976, tiwọn sì dára ju tirẹ̀ lọ ní ti ìlò. Orúkọ àwọn méjèèjì ni ayé ń pè, àwọn ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Turing ti ọdún 2015. Hellman fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ ní 2002 pé bí wọ́n bá máa fi orúkọ èèyàn pe ọ̀nà náà, ó yẹ kí ti Merkle wà níbẹ̀. (Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Bìrìtéènì kan náà ti ń ronú irú rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ láti 1970, ṣùgbọ́n 1997 ni ìjọba wọn tó jẹ́ kí ayé gbọ́.)

Báwo ni ọmọ náà ṣe fẹ́ ṣe é? Ẹ fọkàn bá mi lọ, kò le. Ká ní Àdùkẹ́ wà ní Ṣakí, Bísí wà ní Ìkòròdú, wọn kò mọ ara wọn rí, olófòófó kan sì wà láàárín tó ń rí gbogbo ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ síra wọn. Àdùkẹ́ á ṣe àpótí kékeré mílíọ̀nù kan. Nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, á fi bébà kan sí i, nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan á wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ àṣírí kan, kò sì ní í sí méjì tó bára mu. Á wá fi àgádágodo tí kò lágbára ti àpótí kọ̀ọ̀kan, irú èyí tí èèyàn lè fi wákàtí kan já. Á da gbogbo rẹ̀ rú, á kó o ránṣẹ́ ní gbangba. Bísí á kàn na ọwọ́ mú ọ̀kan ṣáá, á fi wákàtí kan já a, á ka bébà tó wà nínú rẹ̀, á wá pariwo nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó rí níbẹ̀. Àdùkẹ́ tó kọ gbogbo bébà náà á wo àkọsílẹ̀ rẹ̀, á rí kọ́kọ́rọ́ tó bá nọ́ńbà yẹn rìn. Àwọn méjèèjì ti ní kọ́kọ́rọ́ kan náà lọ́wọ́ báyìí.

Olófòófó ńkọ́? Òun náà gbọ́ nọ́ńbà, àmọ́ kò mọ inú àpótí tó wà. Àfi kó bẹ̀rẹ̀ sí í já wọn níkọ̀ọ̀kan. Tá a bá wò ó ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, á já nǹkan bí 500,000 kó tó kan èyí tó ń wá, wákàtí 500,000 sì tó ọdún 57, láìsùn, láìjẹun. Kó tó parí, ọ̀rọ̀ tí Àdùkẹ́ àti Bísí ń sọ ti di ìtàn. Nínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà ni gbogbo àpótí yẹn, kò sí igi níbẹ̀ kò sí irin, ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀nà ti Diffie àti Hellman kò nílò mílíọ̀nù àpótí. Ìbéèrè kan náà ló dáhùn, àwọn ọ̀nà tó jáde lára rẹ̀ sì ló ń ṣiṣẹ́ títí dòní nínú fóònù tẹ́ ẹ fi ń bá ọmọ yín sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, èyí tó ti ń di gbogbo ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti 2016.

Ẹ̀bi ta ni wàyí? Àwọn kan á ní olùkọ́ ló ṣìkà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó rújú, ó rújú. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ èrò sílẹ̀ tí ẹni tó ń kà á kò lè rí orí rẹ̀ tàbí ìdí rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ló ní láti tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn tún un ṣe, ó padà lọ, ibẹ̀ ni mo ti dá olùkọ́ lẹ́bi. Ìbéèrè mẹ́ta péré ló yẹ kó bi í: kí lo fẹ́ mọ̀, kí lo máa ṣe láti mọ̀ ọ́n, báwo lo ṣe máa mọ̀ bí kò bá ṣeé ṣe? Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò ní í pé tí gbogbo rẹ̀ á fi hàn. Ó rọrùn láti ní ká mú èyí tí a ti mọ̀. Nílẹ̀ wa níbí ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ní ibòmíràn orúkọ iṣẹ́ àkànṣe tí wọ́n ń há fún àwọn ọmọ lọ́dún yìí, òun náà ni wọ́n há fún ẹ̀gbọ́n wọn lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn. Oníṣọ́ọ̀bù tó ń ta iṣẹ́ àkànṣe kò ní wàhálà kankan pẹ̀lú irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀. Ọjà rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí ọmọ tó dé.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é ní Póláǹdì. Ní 1929, ilé-iṣẹ́ tó ń bá àwọn ọmọ ogun Póláǹdì tú àdììtú lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n Krygowski ní Yunifásítì Poznań, wọ́n ní kó bá àwọn ṣa àwọn ọmọ tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣirò tí wọ́n sì gbọ́ èdè Jámánì. Nǹkan bí ogún ọmọ ni wọ́n kó jọ. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń kọ́ wọn, wọ́n sì kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọn kò ka ìwé sí wọn létí lásán. Àdììtú gidi tí àwọn ọmọ ogun Jámánì ti lò ni wọ́n gbé ka iwájú wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó rọrùn, wọ́n ń le e sí i díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà já sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Mẹ́ta tó dúró ni Marian Rejewski, Jerzy Różycki àti Henryk Zygalski.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ iṣẹ́ náà ní Warsaw ní September 1932. Nígbà tó fi máa di December ọdún yẹn, Rejewski ti fi ìṣirò mọ bí wọ́n ṣe so wáyà inú ẹ̀rọ Enigma tí àwọn ọmọ ogun Jámánì fi ń di ọ̀rọ̀ wọn, ẹ̀rọ tí wọ́n fọ́nnu pé kò sẹ́ni tó lè tú u. Àwọn ìwé tí àwọn Faransé rà lọ́wọ́ amí kan ràn án lọ́wọ́, ó yẹ kí n sọ ìyẹn, àmọ́ ìwé náà ti wà lọ́wọ́ àwọn Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì náà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọn kò sì rí i tú. Ní July 25, 1939, ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí ogun àgbáyé kejì tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ará Póláǹdì pe Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, wọ́n fi ohun gbogbo tí wọ́n mọ̀ hàn wọ́n. Lórí rẹ̀ ni Alan Turing àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ ìkọ́lé tiwọn. Ẹ ò rí i pé ohun tó bẹ̀rẹ̀ bí iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ti wọnú ìtàn ogun.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní òyìnbó lè ṣe bẹ́ẹ̀, àwa kò ní irinṣẹ́, iná mànàmáná kò dúró. Rejewski kò ní kọ̀ǹpútà. Pẹ́ńsù, bébà àti ọpọlọ ló lò. Iṣẹ́ kan sì wà tó ń dúró de ọmọ Yorùbá tó bá fẹ́ kọ́ ìmọ̀ àdììtú, tí òyìnbó kankan kò lè bá a ṣe tó bó ṣe yẹ.

Ọ̀mọ̀wé Lárúbáwá kan, Al-Kindi, tó gbé ní Baghdad ní nǹkan bí 1,150 ọdún sẹ́yìn, ló kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bí a ṣe ń fi kíka lẹ́tà tú àdììtú. Ní gbogbo èdè, lẹ́tà kan máa ń jẹyọ ju òmíràn lọ. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, “e” ló ń jẹyọ jù. Bí ẹnì kan bá fi àmì mìíràn rọ́pò lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ẹ sáà ka àwọn àmì náà: èyí tó pọ̀ jù lè jẹ́ “e”, ẹ ó sì máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Julius Caesar, olórí ogun Róòmù, máa ń sún lẹ́tà ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta síwájú kí ọ̀tá má baà rí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kà. Ọmọ tó bá mọ ọ̀nà Al-Kindi á tú u kí ẹ̀kọ tó tutù.

Èdè Yorùbá ńkọ́? Ọmọ tó bá ra iṣẹ́ àkànṣe á da tábìlì ti èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ síbẹ̀, á ní òun ti parí. Ọmọ tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ á mú ìwé ìròyìn Yorùbá, á jókòó, á ka lẹ́tà 10,000 níkọ̀ọ̀kan. Kò tíì kà dé ibì kankan tí àwọn ìbéèrè tí kò sí nínú ìwé òyìnbó fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Ṣé lẹ́tà kan ni “gb” tàbí méjì? Ó wà nínú lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n wa gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan. Àmì ohùn ńkọ́? Ọkọ̀, ọkọ, ọkọ́: bá a bá yọ àmì kúrò, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ṣé àdììtú tá a fi àmì ohùn sí ló máa yá láti tú ni, tàbí èyí tá a yọ ọ́ kúrò? Ìbéèrè nìyẹn tí ọmọ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ dáhùn láàárín sáà kan.

Ohun kan tún wà tó dùn mọ́ mi púpọ̀. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí. Fáwẹ̀lì ló ń gbẹ̀yìn, àfi “n” tó ń sọ fún wa pé ká gba imú pe fáwẹ̀lì tó ṣáájú rẹ̀. Èyí fi hàn pé bí ẹnì kan bá di ọ̀rọ̀ Yorùbá ní ọ̀nà Caesar tó sì fi àyè sílẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì, ó ti tú ara rẹ̀ fó: gbogbo àmì tó wà ní ìparí ọ̀rọ̀ ti di fáwẹ̀lì tàbí “n” lójú ẹni tó gbọ́n. Kò tún sí ọ̀rọ̀-orúkọ tó ń fi “u” bẹ̀rẹ̀ nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, àmì tó bá wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ kì í ṣe “u” nìyẹn. Ọmọ Èkìtì á rẹ́rìn-ín níbí, torí “ulé” ni wọ́n ń pe ilé ní tiwọn. Ó dáa bẹ́ẹ̀! Kí ọmọ Èkìtì fi ẹ̀ka èdè tirẹ̀ ṣe é, ká wò ó bóyá àdììtú Èkìtì le ju ti Ọ̀yọ́ lọ.

Iṣẹ́ sáà kan kò sì gbọdọ̀ ju agbára sáà kan lọ. Ọ̀sẹ̀ méjìlá tàbí díẹ̀ lé ni wọ́n máa ń ní, ìdánwò sì wà níbẹ̀. Ọmọ tó bá ní òun fẹ́ kọ “ìtàn àdììtú láti ìgbà ìwáṣẹ̀ títí dòní” kò ní í kọ nǹkan kan ju ohun tó dà kọ lọ. Kí ó mú ìbéèrè kékeré kan, kó lo ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì fi ka ohun tí àwọn tó ṣáájú ti ṣe, kó lo èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ fún iṣẹ́ náà gan-an, kó sì fi ọ̀sẹ̀ tó tó nǹkan sílẹ̀ fún kíkọ ọ́, torí pé kíkọ gan-an ló mú Merkle lọ́bẹ̀.

Mo ní ìkìlọ̀ kan fún àwọn ọmọ tó gbójú. Ẹ má ṣe fi sáà kan dá àgádágodo tuntun kí ẹ wá máa pariwo pé kò sẹ́ni tó lè já a nítorí pé ẹ kò sọ bẹ́ ẹ ṣe ṣe é. Láti 1883 ni Auguste Kerckhoffs, ọmọ ilẹ̀ Netherlands tó ń ṣe olùkọ́ ní Paris, ti kọ ọ́ pé bí ọ̀tá bá tilẹ̀ mọ gbogbo bí wọ́n ṣe ṣe ẹ̀rọ náà, kò yẹ kó lè ṣe nǹkan kan bí kò bá ní kọ́kọ́rọ́. Gbogbo alágbẹ̀dẹ ìlú ló mọ bí àgádágodo ilé yín ṣe ń ṣiṣẹ́, síbẹ̀ ẹ̀ ń sùn dáadáa, ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́? Nítorí náà, kí ọmọ kó iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ní kíláàsì, kó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún wọn, kó fi kọ́kọ́rọ́ nìkan pamọ́, kó ní kí wọ́n já a. Bí wọ́n bá já a, kó kọ bí wọ́n ṣe já a síbẹ̀. Máàkì wà fún ìyẹn, tàbí kó yẹ kó wà.

Mo mọ ohun tó ń já àwọn òbí láyà. Ẹ gbọ́ “àṣírí” àti “kọ̀ǹpútà” pọ̀, ọkàn yín lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ Yahoo. Ẹ̀rù náà kò burú, ṣùgbọ́n ẹ wo bí àwọn jìbìtì yẹn ṣe ń jí owó yín. Ṣé wọ́n já àgádágodo báńkì ni? Wọn kò já a, agbára wọn kò ká a. Wọ́n á pè yín lórí fóònù, wọ́n á ní báńkì ló ń pè, wọ́n á ní kẹ́ ẹ ka nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù yín fún àwọn. Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n tọrọ, ẹ̀yin lẹ fi lé wọn lọ́wọ́. Ọmọ tó mọ ìmọ̀ àdììtú dáadáa ló lè jókòó ti ìyá rẹ̀ kó ṣàlàyé ìdí tí a kì í fi í sọ nọ́ńbà yẹn fún ẹ̀dá kankan. Òun náà sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ohun tó bá fẹ́ tú, kó jẹ́ ohun tí òun tàbí ẹgbẹ́ rẹ̀ fọwọ́ ara wọn dì. Bó bá lọ dán an wò lórí àkáǹtì ẹlòmíràn, òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì tí Nàìjíríà ṣe ní 2015, tí wọ́n tún ṣe àtúnṣe rẹ̀ ní 2024, á mú un, kò sì ní í béèrè bóyá iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni.

Nígbà tí ọmọ yín bá wá pè lórí owó “project” ní sáà yìí, ẹ má tíì bínú, ẹ má sì tíì fi owó ránṣẹ́. Ẹ ní kó fi èdè Yorùbá ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún yín látìbẹ̀rẹ̀. Bó bá ní kò ṣeé fi Yorùbá sọ, ẹ ní kó lọ tún un rò. Ìwé àjákọ, báìrò àti owó ìwé ìròyìn díẹ̀ ni ọmọ tó ń ka lẹ́tà nílò. Ẹ fún un nìyẹn, kẹ́ ẹ fi yòókù san owó ilé rẹ̀.

Ẹnà ní tirẹ̀, ìlú kan sí èkejì ni, bí wọ́n ṣe ń fọ́ ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́ ní Ìbàdàn lè yàtọ̀ sí ti Ìjẹ̀bú. Ọmọ tó bá kó mẹ́ta tàbí mẹ́rin jọ, tó sì fi hàn bí àjèjì ṣe lè tú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ti ṣe iṣẹ́ sáà tó dáńtọ́. Ọ̀dọ̀ ẹ̀yin àgbà tó ń ka ojú ìwé yìí ló ti máa rí i kó jọ. Bó bá wálé nígbà ìsinmi tó mú ìwé àjákọ dání, ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún un bẹ́ ẹ ṣe ń sọ ọ́ nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọdé.